Orí Kẹrin: Ọdún Wo, Ìpele Wo? Yíyan Tacoma Tòkunbọ̀

Ẹni tó bá wọ ọgbà ọkọ̀ ní Berger, lójú ọ̀nà Àpápá, láti ra píkọ́ọ̀pù, ọdún ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi kí i káàbọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo 2012 yìí, ó mọ́ tónítóní." Ọdún ni wọ́n fi ń polówó, ọdún ni wọ́n fi ń dá iye lé e, ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í sì í bèèrè ohun mìíràn mọ́ títí wọ́n á fi kówó sílẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tó ń ka orí yìí yí ètò náà padà. Ẹ kọ́kọ́ pinnu iṣẹ́ tí ọkọ̀ máa ṣe. Ẹ wá ẹ́ńjìnnì àti ìpele tó lè ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ wo ṣáṣí rẹ̀. Lẹ́yìn tí gbogbo èyí bá yè kooro ni ọ̀rọ̀ ọdún tó kàn, nígbà náà pàápàá, ìwọ̀nba ọdún díẹ̀ ló yàtọ̀ síra.

Tacoma ni mo máa fi ṣàlàyé, nítorí òun ni píkọ́ọ̀pù Toyota tí àwọn ará wa tó wà ní Amẹ́ríkà lè rà ránṣẹ́ sílé láìjẹ́ pé ó gbé wọn lówó tó Tundra. Hilux kò sí lọ́jà Amẹ́ríkà mọ́ láti 1995 tí Tacoma ti gba ipò rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní Hilux òun ti Amẹ́ríkà wá tààrà, ẹ bi í léèrè dáadáa.

Ọdún tó yàtọ̀ àti ọdún tí kò yàtọ̀

Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kì í dá ọkọ̀ tuntun lọ́dọọdún. Wọ́n á ṣe irú kan, wọ́n á tà á fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, wọ́n á máa tún ojú rẹ̀ ṣe láàárín, kí wọ́n tó wá tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ kí wọ́n sì ṣe òmíràn. Tacoma àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1995, ó parí ní 2004. Èkejì jẹ́ ti 2005 sí 2015. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti 2016 sí 2023. Láti 2024 ni ẹ̀kẹrin ti gbòde.

Èkejì ni owó ọ̀pọ̀ nínú wa ká, nítorí náà ẹ jẹ́ ká dúró tì í díẹ̀. Láti 2005 títí dé 2015, ẹ́ńjìnnì méjì péré ló wà nínú rẹ̀: 2.7 oní-sìlíńdà mẹ́rin tí agbára rẹ̀ jẹ́ ẹṣin 159, àti 4.0 V6 tí tirẹ̀ jẹ́ ẹṣin 236. Wọn ò fi òmíràn kún un, wọn ò sì yọ ìkankan kúrò. Ní 2012 wọ́n yí iwájú ọkọ̀ padà: bọ́nẹ́ẹ̀tì, iná, gírílì àti bọ́ńpà, wọ́n sì tún dáṣíbọ́ọ̀dù ṣe. Ẹ́ńjìnnì tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tuntun yìí ṣì ni ti àtẹ̀yìnwá. Bí ẹ bá wá rí i pé owó 2012 fi tìyanutìyanu ju ti 2011 lọ ní ọgbà kan náà, ojú ni ẹ ń san owó rẹ̀. Ojú tuntun kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ tó, kó rà á. Àmọ́ ẹni tó ń fi ọkọ̀ wá oúnjẹ kò gbọ́dọ̀ fi 2011 tí ara rẹ̀ le sílẹ̀ kó lọ mú 2012 tí ìdí rẹ̀ ti jẹrà, torí iná iwájú.

Láti 2015 sí 2016 kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú. Ọkọ̀ míì pátápátá ni. V6 rẹ̀ di 3.5, agbára rẹ̀ gòkè dé ẹṣin 278, jíà ọ̀tọmátíìkì rẹ̀ sì di oní-sípíìdì mẹ́fà. Àwọn tó ra 2016 àti 2017 ráhùn gan-an pé jíà rẹ̀ ń wá ibi tó máa dúró sí lórí òkè, ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, Toyota sì ṣe àtúnṣe sí ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bí ẹ bá máa ra ọkọ̀ ọdún méjèèjì yìí, ẹ wà á gun òkè kí ẹ tó dúnàádúrà. Yípo ọgbà ọkọ̀ kò lè fi èyí hàn yín. Ní 2018, wọ́n fi kámẹ́rà sára gíláàsì iwájú àti rédà sí gírílì gbogbo Tacoma, èyí tó ń ṣọ́ ọkọ̀ tó wà níwájú tó sì lè tẹ bíréèkì fúnra rẹ̀. Ohun rere ni lójú ọ̀nà Amẹ́ríkà. Níhìn-ín, bí òkúta bá fọ́ gíláàsì yẹn, tí wọ́n fi òmíràn sí i láìtún kámẹ́rà rẹ̀ tò, iná ìkìlọ̀ á máa tàn lójú yín lójoojúmọ́. Ní 2020 wọ́n tún ojú rẹ̀ ṣe, wọ́n fi síkírínì tó tóbi sí i tó lè bá fóònù ṣiṣẹ́ pọ̀, wọ́n sì gbé ìjókòó oníná fún awakọ̀ sí àwọn ìpele kan. Bí owó yín bá dé ti ẹ̀kẹta, 2019 àti 2020 sún mọ́ra ju bí owó wọn ṣe ń sọ lọ.

Ní tèmi, ẹni tó ń wá ọkọ̀ iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ sáré wá 2024. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti di 2.4 oní-tọ́ọ́bò, jíà rẹ̀ sì di oní-sípíìdì mẹ́jọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn mẹkáníìkì wa tú u, kí wọ́n tò ó, kí ẹ̀yà ara rẹ̀ sì pọ̀ ní ọjà Ládípọ̀ ná.

Ibi tí ọdún ti ń pani lára

Ṣáṣí ni. Ibẹ̀ ni ọdún ti ṣe pàtàkì jù, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn oníbàárà kì í wò.

Ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà, bíi Massachusetts, New York, Pennsylvania, Ohio àti Michigan, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín. Omi iyọ̀ yìí á bá abẹ́ ọkọ̀ lọ, á wọ inú ihò ṣáṣí, á sì máa jẹ ẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ṣáṣí Tacoma kò sì dáàbò bo ara rẹ̀ tó. Toyota ra àìmọye nínú Tacoma àkọ́kọ́ padà lọ́wọ́ àwọn tó ni ín nítorí ìpẹtà. Ti èkejì náà dé ilé ẹjọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, Toyota gbà láti parí ẹjọ́ náà pẹ̀lú àdéhùn tí iye rẹ̀ lè tó bílíọ̀nù $3.4, pé àwọn á yẹ ṣáṣí wò, àwọn á sì pààrọ̀ èyí tó bá ti jẹrà. Tacoma 2005 sí 2010 ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú Tundra 2007 àti 2008 àti Sequoia 2005 sí 2008. Ní 2014 pẹ̀lú, wọ́n ti pe Tacoma 2005 sí 2011 tó jẹ́ fọ́ò-wíìlì tàbí PreRunner (mo máa ṣàlàyé rẹ̀ níwájú) padà nítorí sìpíríǹgì pẹlẹbẹ ẹ̀yìn tó lè kán kó sì gún táǹkì epo.

Ẹ wo ọdún wọ̀nyẹn dáadáa. Àwọn gan-an ni owó wọn fa àwọn ènìyàn mọ́ra.

Ohun tó ń tan oníbàárà jẹ ni pé inú ẹ̀yìn ìkẹ́rù Tacoma, láti 2005 títí dé 2023, kì í ṣe irin. Ohun èlò bíi ike líle ni wọ́n fi ṣe é, kì í pẹtà láéláé. Oníbàárà á wo ẹ̀yìn, á rí i pé ó mọ́, á ní ọkọ̀ náà ò tíì jìyà. Ìsàlẹ̀ ibi tó ń wò yẹn ni irin ti ń jẹrà.

Nítorí náà, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì àti òòlù kékeré dání, ẹ wọ aṣọ tí ẹ lè fi sùn sílẹ̀. Ẹ lọ sí ibi tí sìpíríǹgì ẹ̀yìn ti so mọ́ ṣáṣí, ẹ lọ sókè ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wà, ẹ wá sí ibi tí apá iwájú ti so mọ́ ọn. Ẹ fi òòlù kan án, níta àti nínú. Irin tó le máa ń dún gan-gan, òòlù á sì ta padà sí ọwọ́ yín. Irin tó ti kú máa ń dún gbọ̀, ìpẹtà á já bọ́ bí èèpo, òòlù sì lè wọlé pátápátá. Bí ẹ bá bá ọ̀dà dúdú tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn sábẹ́ ọkọ̀ ọlọ́dún mẹ́tàdínlógún, kì í ṣe nítorí ẹwà ni wọ́n ṣe kùn ún. Ẹ kan án síbẹ̀síbẹ̀. Ọlọ́jà tó bá ní kí ẹ má kan ọkọ̀ òun, ẹ kí i pé ó dàárọ̀.

Bí ìwé ìtàn ọkọ̀ kan bá wá fi hàn pé Toyota ti pààrọ̀ ṣáṣí rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ìbáà ṣe 2007. Ọkọ̀ yẹn sàn ju 2011 láti Ohio lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ láti Texas, Arizona tàbí Georgia, níbi tí iyọ̀ ò ti pọ̀ lójú ọ̀nà. Àmọ́ Texas àti Florida ní wàhálà tiwọn: omíyalé. Ìjì Harvey ní 2017 àti Ian ní 2022 mú kí omi bo ọkọ̀ púpọ̀, àwọn ọkọ̀ tí omi ti bò bẹ́ẹ̀ sì máa ń wá ilẹ̀ òkèèrè lọ. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé ìdí, ẹ wò bóyá ẹrẹ̀ ti gbẹ sí i lára. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ìjókòó, kí ẹ wo irin tó ń sún un síwájú sẹ́yìn.

Báwo la ṣe ń mọ ọdún ọkọ̀ gan-an?

Ẹ má gba ọdún lẹ́nu ọlọ́jà, ẹ má sì gbà á lójú ọkọ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ lè fi bọ́nẹ́ẹ̀tì, iná àti gírílì 2012 sára 2008, kó kùn ún, kó sì gbé e síta. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn. Bí òde bá jẹ́ 2012 tí dáṣíbọ́ọ̀dù àti sìtíárìn sì jẹ́ ti àtijọ́, ẹ ti rí òótọ́.

Èyí tó dájú jù ni nọ́ńbà ṣáṣí, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní VIN. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni. Ẹ ka á láti apá òsì, kí ẹ dúró lórí ẹ̀kẹwàá: òun ló ń sọ ọdún. 5 ni 2005, 6 ni 2006, bẹ́ẹ̀ títí dé 9 tó jẹ́ 2009. A ni 2010, B ni 2011, C ni 2012, D ni 2013, E ni 2014, F ni 2015, G ni 2016, H ni 2017. Wọn ò lo I, nítorí náà J ni 2018. K ni 2019, L ni 2020, M ni 2021, N ni 2022. Wọ́n tún fo O, P sì ni 2023. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ń sọ ibi tí wọ́n ti ṣe é: 5TE jẹ́ ti Fremont ní California, ilé iṣẹ́ tí wọ́n tì ní 2010; 5TF jẹ́ ti San Antonio ní Texas; 3TM jẹ́ ti Mẹ́síkò. Ẹ fi nọ́ńbà orí dáṣíbọ́ọ̀dù wé ti ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀ àti èyí tí wọ́n tẹ̀ sára ṣáṣí fúnra rẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ bára mu.

Ẹ má jẹ́ kí oṣù tí wọ́n ṣe ọkọ̀ dà yín láàmú. Lórí sítíkà ẹnu ilẹ̀kùn, ẹ lè rí i pé oṣù kọkànlá 2011 ni wọ́n ṣe ọkọ̀ tí VIN rẹ̀ ní C. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ ọkọ̀ ọdún tó ń bọ̀ kí ọdún náà tó dé.

Ìpele: kí ni owó yìí ń rà?

SR5, TRD Sport, TRD Off-Road, Limited: ọkọ̀ kan náà ni gbogbo wọn, ohun tí wọ́n fi kún un ló yàtọ̀. Àwọn ọlọ́jà wa á kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á pè é ní fúlù ọ́pṣọ̀n, wọ́n á sì gbé owó lé e. Ẹ bi wọ́n pé kí ló wà nínú fúlù náà.

TRD Sport àti TRD Off-Road ni àwọn ènìyàn máa ń ṣì mú. Sport ló ní imú tó yọ sókè lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọ̀ṣọ́ lásán ni imú yẹn. Off-Road kò ní in, àmọ́ ó ní bọ́tìnnì kan tó ń de ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ kí wọ́n lè máa yí pa pọ̀, èyí tó ń yọ ọkọ̀ nínú ẹrẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ kan bá ń yí lófo. Ẹni tó ń lọ kó iṣu àti ẹ̀gẹ́ ní oko Òkè-Ògùn nígbà òjò kò nílò imú, bọ́tìnnì yẹn ló nílò. Ẹni tó jẹ́ pé títì Ìbàdàn sí Èkó lọ́nà rẹ̀, owó rẹ̀ ló máa sọnù sórí bọ́tìnnì náà. Limited ní táyà tó gbòòrò lẹ́sẹ̀ àmọ́ tí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́. Ihò ojú ọ̀nà wa ò bá a rẹ́.

Ọ̀rọ̀ PreRunner tọ́ sí àkíyèsí tirẹ̀. PreRunner ga bíi fọ́ò-wíìlì, nọ́ọ̀tù mẹ́fà ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bíi ti fọ́ò-wíìlì, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ló ń fà á. Ọkọ̀ tó dára ni, ó fúyẹ́, ẹ̀yà tó lè bàjẹ́ lára rẹ̀ sì kéré. Ohun tó burú ni kí wọ́n lẹ sítíkà 4x4 mọ́ ọn lẹ́yìn, kí ẹ sì san owó fọ́ò-wíìlì. Ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù fún bọ́tìnnì róbótó tó ní 2WD, 4H àti 4L. Ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ fún ọ̀pá irin tó ń gbé agbára lọ sí ẹsẹ̀ iwájú. Lára V6 oní-jíà ọ̀tọmátíìkì ti èkejì, ẹ ka sítíkà ẹnu ilẹ̀kùn níbi tí wọ́n kọ A/TM sí: A750F jẹ́ fọ́ò-wíìlì, A750E kì í ṣe é.

Lórí ẹ́ńjìnnì, ìdáhùn mi kò lọ́ra. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, V6 ti di ẹrù fún ẹni tó ń rìn lójoojúmọ́. 4.0 fọ́ò-wíìlì ń mu tó lítà 13 sí 14 nínú 100 kìlómítà, 2.7 tí ẹ̀yìn nìkan ń fà á ń mu nǹkan bí 11 sí 12, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Èkó á sì fi kún un fún àwọn méjèèjì. Yàtọ̀ sí èyí, 2.7 yẹn náà ló wà nínú bọ́ọ̀sì Hiace tó kún gbogbo gáréèjì wa. Kò sí ìlú kan tí ẹ ò ti ní rí mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n tàbí ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara rẹ̀. Ẹ mú 4.0 bí ẹ bá ń fa tírélà kékeré tàbí tí ẹ ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù lọ́pọ̀ ìgbà. Chéènì ni wọ́n fi ń yí tàìmín àwọn méjèèjì, kò sí bẹ́líìtì tí ẹ máa máa pààrọ̀.

Ìpele tún kan ẹrù. Lẹ́nu ilẹ̀kùn awakọ̀ ni sítíkà kan wà tó ń sọ iye kílò tí àpapọ̀ èrò àti ẹrù kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ẹ jẹ́ ká ní 560 kílò ló wà lára Double Cab kan, èyí tó ní ilẹ̀kùn ńlá mẹ́rin. Bí àgbàlagbà márùn-ún bá wọlé, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ 75 kílò, wọ́n ti gba 375. Ó ku 185. Àpò símẹ́ǹtì kan jẹ́ 50 kílò, nítorí náà mẹ́ta péré ni ọkọ̀ lè gbà mọ́ wọn. Bí ẹ bá jẹ́ méjì, ẹ lè kó mẹ́jọ. Gbogbo wa la ti rí Tacoma tó kó símẹ́ǹtì ogún tí imú rẹ̀ ń wo ọ̀run. Sìpíríǹgì rẹ̀ ló ń san owó náà, bíréèkì rẹ̀ kì í sì í mú un dúró bó ṣe yẹ. Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ símẹ́ǹtì àti irin lójoojúmọ́, Hilux tó ń gbé ẹrù tó sún mọ́ tọ́ọ̀nù kan ló yẹ yín.

Access Cab, tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ kéré tó sì ń ṣí sẹ́yìn, ni àwọn ènìyàn wa kì í fẹ́, owó rẹ̀ sì máa ń dínkù nítorí èyí. Ẹ̀yìn ìkẹ́rù rẹ̀ gùn tó 187 sẹ̀ńtímítà, nígbà tí ti Double Cab tó wọ́pọ̀ jẹ́ 153. Fún àgbẹ̀ tó ń lọ pẹ̀lú ẹnì kan ṣoṣo, òun ni mo máa kọ́kọ́ wá.

Bí kò bá jẹ́ Tacoma

Ẹ lo ọ̀nà kan náà: ẹ wá ọdún tí nǹkan yí padà lábẹ́. Nissan Frontier 2005 sí 2010 ní àbùkù kan nínú rédíétọ̀: omi rẹ̀ lè jò wọ inú ọ́ìlì jíà, kó sì ba jíà jẹ́ pátápátá. Ẹ fa irin ìwọn ọ́ìlì náà jáde bó bá wà, tàbí kí mẹkáníìkì tú díẹ̀ sílẹ̀. Bó bá ti rí bíi wàrà aláwọ̀ pupa, ẹ fi í sílẹ̀. Ford F-150 oní-5.4 ti 2004 sí 2008, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ máa ń kán sínú ẹ́ńjìnnì bí wọ́n bá ń tú u. Láti 2011 ni 5.0 ti wà nínú F-150, òun ni kí ẹ wá.

Fún Hilux, ẹ ṣọ́ra fún èyí tí ìdarí rẹ̀ wà lápá ọ̀tún tẹ́lẹ̀ tí wọ́n gbé wá sí òsì. Láti oṣù kẹrin 1972 la ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún ọ̀nà ní Nàìjíríà, ọkọ̀ ìlú Gẹ̀ẹ́sì kò sì bá wa mu. Ẹ wo ògiri irin tó wà láàrin ẹ́ńjìnnì àti dáṣíbọ́ọ̀dù bóyá wọ́n ti gé e, tí wọ́n sì jó o padà. Ẹ má sì fi lẹ́tà kẹwàá VIN nìkan ka ọdún Hilux, nítorí òfin Amẹ́ríkà ló sọ ọ́ di dandan, kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ tó wà níbòmíràn ló ń tẹ̀ lé e.

Kí wọ́n tó rà á ránṣẹ́

Láti 2022 ni Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà ti ń fi nọ́ńbà ṣáṣí díye lé ọkọ̀, ọdún àti irú ọkọ̀ tí nọ́ńbà náà bá sọ ni wọ́n ń wò. Èyí ni ibi tí ọdún kan tàbí ìpele kan lè fi owó púpọ̀ kún ọkọ̀ yín láìfi nǹkan kan kún iṣẹ́ tó máa ṣe. Láti oṣù kìíní 2017 sì ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ojú ilẹ̀ wọlé, nítorí náà ọkọ̀ tó pọ̀ ní Kùtọnu tí ẹnì kan fẹ́ fi gba bodè Sẹ̀mẹ̀ wá, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín lójú ọ̀nà nígbàkígbà. Bí àbúrò yín bá rí Tacoma méjì ní Houston, 2011 àti 2012, ẹ ní kó fi VIN àwọn méjèèjì ránṣẹ́ kó tó dá owó lé ìkankan. Ẹ fi wọ́n fún ajẹ́ńtì yín ní èbúté Tin Can, ẹ gba iye tí ẹ máa san fún Kọ́sítọ́ọ̀mù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní kíkọ sílẹ̀, ẹ sì ní kí àbúrò yín lọ ya fọ́tò abẹ́ àwọn méjèèjì, láti ẹ̀yìn dé iwájú.